Ta Ló Kọ́kọ́ Sín Ìlẹ̀kẹ̀ Màríà?

Oṣù kẹwàá ni oṣù rosárì nínú ìjọ Àgùdà, oṣù náà sì ni ọjà máa ń yá jù fún bàbá kan tó ń ta àbẹ́là àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọdébìnrin kan tó wá ra ìlẹ̀kẹ̀ bi í pé ta ló kọ́kọ́ ṣe é. Bàbá kò ronú rárá. "Ẹni Mímọ́ Dominic ni. Ìyá wa Màríà fúnra wọn ló gbé e lé wọn lọ́wọ́. Bàbá mi ló sọ fún mi, bàbá tiwọn náà ló sọ fún wọn." Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù dúró nítòsí, ló bá rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, Fádà tó kọ́ àwa kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ní àlọ́ lásán ni." Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àlọ́ kẹ̀? Ọmọ mi, ṣé irọ́ ni Póòpù wá ń pa ni?"

Wọn kò mọ̀ pé ìjà àgbà ni wọ́n dá sílẹ̀ lórí àtẹ àbẹ́là. Ó ti tó nǹkan bí 300 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé inú ìjọ Àgùdà gan-an ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe àwọn ọlọ́tẹ̀ tàbí àwọn ará ìjọ mìíràn ló dá a sílẹ̀. Fádà pẹ̀lú Fádà ni.

Ìtàn tí bàbá gbà gbọ́ kò ṣòro láti sọ. Dominic, ọmọ Sípéènì, wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó ń wàásù fún àwọn tí wọ́n ń pè ní Albigensian, tí wọ́n gbà pé ibi ni ara àti gbogbo ohun tó ṣeé fojú rí. Ìwàásù kò wọ̀ wọ́n létí. Àwọn kan ní Prouille ló wà, ní 1208, tó ń sunkún nínú ilé Ọlọ́run; àwọn mìíràn ní igbó kan lẹ́bàá Toulouse ni, ní 1214, lẹ́yìn tó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Níbẹ̀ ni Màríà ti fara hàn án, tó fún un ní ìlẹ̀kẹ̀, tó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi gbàdúrà. Dominic padà sáàárín àwọn èèyàn, ó wàásù rosárì, wọ́n sì yí padà. Àwòrán ìran yìí kò lóǹkà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì: Màríà jókòó, Jésù ọmọ ọwọ́ wà ní itan rẹ̀, Dominic kúnlẹ̀ ní aṣọ funfun àti ẹ̀wù dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì nà sókè láti gba ìlẹ̀kẹ̀.

Bíbélì ní tirẹ̀ kò sọ púpọ̀ nípa Màríà. Lúùkù ròyìn bí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ṣe kí i ní Násárétì àti bí Èlísábẹ́ẹ̀tì ìbátan rẹ̀ ṣe súre fún un. Jòhánù fi í hàn níbi ìgbéyàwó Kánà àti ní ìsàlẹ̀ àgbélébùú. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan láàárín àwọn tó ń gbàdúrà ní yàrá òkè, a kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ní 431 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó ní Éfésù, tí wọ́n yọ Nestorius, olórí ìjọ Constantinople, nípò nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n máa pe Màríà ní Ìyá Ọlọ́run, tí àwọn ará ìlú sì fi iná òtùfù sin àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà dé ilé lóru. Ní 787, ìpàdé kejì ní Nicaea fìdí ààlà múlẹ̀ láàárín ọlá tí a ń bù fún àwọn ẹni mímọ́ àti ìsìn tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan nínú gbogbo ìyẹn.

Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti wá, ọ̀nà ibẹ̀ gba aṣálẹ̀ Íjíbítì. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, mọ́ǹkì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Paul. Palladius tó kọ ìtàn àwọn mọ́ǹkì náà sílẹ̀ sọ pé 300 àdúrà ni Paul ń gbà lójúmọ́, kí iye má bàa dà rú mọ́ ọn lójú, á ṣa 300 òkúta wẹ́wẹ́ sí itan, bó bá gba àdúrà kan tán, á ju òkúta kan nù. Ìgbà tí itan bá ṣófo, ó mọ̀ pé òun ti ṣe tọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ pé wúńdíá kan wà ní abúlé kan tó ń gba 700. Ọkàn Paul bàjẹ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Macarius, àgbà mọ́ǹkì kan, lọ láti lọ ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Macarius dá a lóhùn pé 100 péré ni òun ń gbà ní tòun, ẹ̀rí ọkàn kò sì dá òun lẹ́bi. Bí 300 bá ń da Paul láàmú, á jẹ́ pé kò gbà á tọkàntọkàn, tàbí pé ó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń bá iye àdúrà jà, tí àwọn àgbà sì ń sọ fún wọn pé iye kọ́ ló ṣe pàtàkì, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ju òkúta nù.

Ní Yúróòpù, 150 Sáàmù ni òṣùwọ̀n. Àwọn mọ́ǹkì tó mọ̀wé ń kọ wọ́n ní èdè Látìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n inú ilé mọ́ǹkì kan náà ni àwọn tí kò mọ A yàtọ̀ sí B wà, àwọn tó ń roko, tó ń dáná, tó ń tọ́jú ẹṣin. Kí ni kí àwọn wọ̀nyí kọ? Wọ́n ní kí wọ́n ka Baba Wa dípò Sáàmù. Bí ẹgbẹ́ wọn kan bá kú, tí àwọn àlùfáà ń ṣe Máàsì fún un, ẹni tí kò mọ̀wé á ka Baba Wa lọ́nà 50. Ibẹ̀ ni 50, 100 àti 150 ti wọlé, ọwọ́ àwọn aláìmọ̀wé ló sì ti wọlé.

Okùn oníkókó tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn Mùsùlùmí ní tẹ̀sùbáà tiwọn, àwọn Híńdù àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní tiwọn tó jẹ́ 108. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ogun àti òwò ló gbé àṣà náà láti ibì kan dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú àtika nǹkan dé 100 lórí ìka mọ̀ pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí tó dùn jù lọ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ayé mọ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Godiva ni, aya Leofric, ìjòyè ńlá kan. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé ó gun ẹṣin níhòòhò la ìlú Coventry kọjá kí ọkọ rẹ̀ lè dín owó orí kù, bẹ́ẹ̀ ìtàn ẹṣin yẹn kò jẹ yọ títí ó fi lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí William ará Malmesbury kọ ní nǹkan bí 1125 kò ní ẹṣin nínú. Ó ní nígbà tí Godiva ń kú lọ, ó fi okùn kan sílẹ̀ fún ilé mọ́ǹkì Coventry, èyí tó fi òkúta iyebíye sín, tó máa ń fọwọ́ kàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbàdúrà kí iye má bàa dín. Ó sì ní ọrùn ère Màríà ni kí wọ́n fi kọ́. Godiva kú ní nǹkan bí 1067. Wọn kò tíì bí Dominic nígbà náà, ó ku bí 100 ọdún.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1268, iṣẹ́ sínsín ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ti di ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́ ní Paris. Étienne Boileau, tó kọ òfin àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà sílẹ̀, to àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn tó ń fi egungun àti ìwo ṣe tiwọn, àwọn tó ń fi iyùn, àwọn tó ń fi áńbà. Baba Wa ni wọ́n fi sọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lórúkọ ní Látìn, bẹ́ẹ̀ ni ní London, tí àdúgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ń jẹ́ Paternoster Row títí di òní.

Màríà wá rọra gba ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìkíni Gébúrẹ́lì àti ìkíni Èlísábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n so pọ̀ di àdúrà kan ṣoṣo, tó sì gbilẹ̀ láàárín àwọn èèyàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Apá kejì àdúrà Mo Kí Ọ Màríà, ibi tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀, pẹ́ kó tó dúró sójú kan. 1568 ni Póòpù Pius V fi í sínú ìwé àdúrà àwọn àlùfáà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ka ìlẹ̀kẹ̀ wọn lójoojúmọ́ ṣáájú ìgbà yẹn kò mọ ìparí yẹn rárá.

Ìtàn kan wà tí àwọn oníwàásù ìgbà náà fẹ́ràn púpọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń já òdòdó lójoojúmọ́, á fi hun adé, á gbé e lé orí ère Màríà. Nígbà tó wọ ilé mọ́ǹkì, iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráàyè já òdòdó mọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ sá padà sílé. Àgbà kan sọ fún un pé kó máa ka Mo Kí Ọ Màríà 50 lójúmọ́, pé Màríà á gba ìyẹn bí adé. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá nínú igbó pẹ̀lú ẹrù ilé mọ́ǹkì, àwọn olè ti ba sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ó dúró láti gbàdúrà rẹ̀. Ni wọ́n bá rí obìnrin arẹwà kan tó dúró tì í, tó ń gba òdòdó rósì ní ẹnu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń fi wọ́n hun adé. Nígbà tí adé pé, ó dé e, ó sì lọ. Àwọn olè jáde láti bi í pé ta ni obìnrin yẹn. "Obìnrin wo?" ni mọ́ǹkì náà wí. Wọ́n ní àwọn olè náà kò jalè mọ́. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí rósì fi wọnú ọ̀rọ̀ rosárì, ó sàn kó wá a síbí ju inú igbó Toulouse lọ.

Níbo wá ni Dominic ti wọlé?

Ọwọ́ Alan de la Roche ni, ọmọ Brittany ní ilẹ̀ Faransé, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ tí Dominic fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Oníwàásù tó gbóná ni Alan. Ní 1470, ó dá ẹgbẹ́ olùfọkànsìn kan sílẹ̀ ní Douai fún àwọn tó bá fẹ́ máa ka 150 Mo Kí Ọ Màríà, ibi gbogbo tó bá sì dé ló ti ń sọ pé Màríà ló fi han òun pé Dominic ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba rosárì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dárúkọ ọkùnrin méjì, John de Monte àti Thomas de Templo, pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó tíì rí ewé kan nínú ìwé àwọn méjèèjì. Alan kú ní 1475, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ náà gan-an ni Jakob Sprenger dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Cologne ní Jámánì. Ẹgbẹ́ tiẹ̀ kò gba owó ìwọlé, olówó àti tálákà sì ń kọ orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé kan náà, Ọba Frederick Kẹta pàápàá wọ̀ ọ́. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ìtàn Alan ń bá a lọ.

Ó gba ìgbà pípẹ́ kí ẹnì kan tó béèrè ẹ̀rí. Àwọn tó béèrè ni àwọn Bollandist, àwọn Fádà Jẹ́súìtì ní Belgium tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ìtàn àwọn ẹni mímọ́ wò. Ìwé wọn ti 1733 dé orí Dominic, wọ́n sì wá rosárì títí. Dominic kú ní Bologna ní 1221. Ní 1233 ni wọ́n pe àwọn ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1234. Àwọn mọ́ǹkì tó bá a jẹun, tó bá a rìn, sọ bó ṣe ń sunkún tó bá ń gbàdúrà, bó ṣe ń sùn nílẹ̀, bó ṣe ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Àwọn bí 300 mìíràn jẹ́rìí láti agbègbè Toulouse, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba rosárì. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà kò mẹ́nu bà á. Nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tó pẹ́ jù, ìwé tàbí òdòdó lílì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dominic, kò sì yẹ kéèyàn dá wọn lẹ́bi. Prospero Lambertini, ògbóǹtarìgì amòfin ìjọ tó padà di Póòpù Benedict Kẹrìnlá ní 1740, gbèjà wọn pẹ̀lú ìdáhùn tí bàbá alábẹ́là lè fọwọ́ sí: gbogbo Póòpù tó fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wọn ńkọ́? Póòpù Leo Kẹtàlá náà kò yí ohùn padà. Láti 1883 ló ti ń kọ lẹ́tà lórí rosárì sí gbogbo ìjọ, ó sì ń dárúkọ Dominic. Ó wà lórí àléfà náà nígbà tí Herbert Thurston, Jẹ́súìtì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ ní 1900, tó tú ìtàn Alan palẹ̀ ní fọ́nrán fọ́nrán.

Àwọn kan wá rí ọ̀nà àbáyọ tó pa ni lẹ́rìn-ín: pé Dominic méjì ló wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, mọ́ǹkì Carthusian kan gbé ní Trier ní Jámánì, Dominic ará Prussia ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ gbólóhùn kéékèèké 50 lórí ìgbésí ayé Jésù, ọ̀kan fún Mo Kí Ọ Màríà kọ̀ọ̀kan, kí ọkàn lè rí ibi jókòó bí ẹnu bá ń kà. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí a ń ronú lé lórí lónìí, tí a ń pè ní ohun ìjìnlẹ̀, ọ̀dọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ ọmọ Prussia lẹ̀ mọ́ ọmọ Sípéènì tó lókìkí jù ú lọ. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹni tó ṣiṣẹ́ kọ́ ni wọ́n yàwòrán rẹ̀.

Àwòrán kan sì ti ọ̀dọ̀ ìtàn Alan wá tó yẹ kéèyàn dúró wò díẹ̀. Bartolo Longo, lọ́yà tó ti bá àwọn abọ́kùúsọ̀rọ̀ rìn nígbà èwe rẹ̀, ń wá àwòrán Màríà Olú Rosárì fún àwọn tálákà àfonífojì Pompeii ní Ítálì. Èyí tó rí gbà ní Naples ti gbó, kòkòrò ti jẹ ẹ́, ọ̀dà ti ń ṣí, wọ́n rà á lọ́wọ́ aláàlòkù lówó táṣẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1875, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń kó ìgbẹ́ ẹran lọ sí oko ló gbé e dé Pompeii, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e lé orí ìgbẹ́ náà. Obìnrin tó kúnlẹ̀ ní òdìkejì Dominic nínú àwòrán jẹ́ Rose ti Lima tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di Catherine ti Siena. Lónìí, ọ̀pọ̀ èrò ń rọ́ lọ síwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Thurston lọ bá àwọn yẹn jiyàn.

Ìyókù yára. Pius V, ọmọ ẹgbẹ́ Dominic, fi òǹtẹ̀ lu rosárì ní 1569. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 1571, àwọn ọkọ̀ ogun Kristẹni ṣẹ́gun ti Turkey ní Lepanto, ó ní àdúrà Màríà ló ṣe é, ọjọ́ náà sì di ọjọ́ àjọ̀dún rosárì. 150 Mo Kí Ọ Màríà, ohun ìjìnlẹ̀ 15, bó ṣe wà nìyẹn títí di oṣù kẹwàá 2002, tí Póòpù John Paul Kejì fi márùn-ún kún un lórí iṣẹ́ Jésù láàárín ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn. Àlàyé rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn aláìmọ̀wé ti bàjẹ́: 200 kò bá Sáàmù dọ́gba mọ́, àwọn àgbà kan kò sì yé kùn sí i.

Ni 2019 bá wọlé dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi ẹ̀gbà ọwọ́ kan hàn ní Vatican tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Èèyàn á ṣe àmì àgbélébùú, yóò tàn, yóò sì máa bá a tọ́jú ibi tó kà dé. Owó rẹ̀ nígbà náà tó 99 yúró. Paul ti Íjíbítì ní òkúta lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣòro láti má ṣe rò pé fífi ọwọ́ ara ẹni kà á jẹ́ ìdajì àdúrà náà, àti pé ohun tó bá ń bá ni kà á ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀nà tí rosárì gbà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá kò kan Dominic tàbí Alan. Bràsíl ló gbà. Ní Salvador ní Bahia, àwọn èèyàn dúdú ti ní ẹgbẹ́ Màríà Olú Rosárì tiwọn láti 1685, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìjọsìn wọn ní Pelourinho ní 1704, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ olówó wọn. Àwọn ọmọ Àńgólà àti àwọn tí wọ́n bí sí Bràsíl ló ṣíwájú níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni àwọn Nàgó, èèyàn tiwa, dé wìtìwìtì. Ẹgbẹ́ náà ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ń dá owó jọ láti ra òmìnira. Àwọn tó padà wálé láti ibẹ̀ ni Èkó ń pè ní Àgùdà.

Nígbà tí Fádà Francesco Borghero dé Èkó ní 1863, ó bá wọn tí wọ́n ti ń pàdé pọ̀. Ẹni tó ń darí wọn jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀, Padre Antonio ni gbogbo ìlú ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlùfáà. Ó ń ṣe ìrìbọmi, ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ó ń kó àwọn èèyàn jọ gbàdúrà ní èdè Pọtogí. 1868 ni Fádà tó wá gbé pẹ̀lú wọn tó dé. Máàsì kò ṣeé ṣe láìsí àlùfáà. Rosárì kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ẹ̀rí, kò gba pẹpẹ, kò gba Látìn. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí àdúrà náà fi gbé ìjọ náà ró ní gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rán Fádà sí wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé Block Rosary, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò tó ń ka rosárì pọ̀, ṣe ń ṣe é ní òpópónà wa ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í dúró de Fádà. Ère Màríà kékeré wà lórí tábìlì, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń darí Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá, ẹlòmíràn á gba èyí tó tẹ̀lé e, ìwà pẹ̀lẹ́ ò sì pọ̀ níbẹ̀: ẹni tó bá ka mọ́kànlá dípò mẹ́wàá, àwọn yòókù á hó lé e lórí kó tó pa ẹnu dé.